Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

Wọ́n ní ká dúpẹ́.
Apá ọ̀tún ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ ti dì,
apá òsì ni ọ̀rọ̀ ń gbé, ohunkóhun ò ṣe é.
Lóòótọ́, bàbá mi jí, ó sọ̀rọ̀.
Ó ka orúkọ gbogbo òkè tó yí Valparaíso ká,
òun tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ onírin
tó ń fi okùn gun òkè. Kò ṣi ẹyọ kan.
A dúpẹ́. A gbé e wálé.

Ilé la ti mọ̀ pé ohun kan ò bá a wálé.
Ohùn ni.
Ohùn tó máa ń gòkè, tó máa ń sọ̀, bí ọkọ̀ rẹ̀,
wá dúró sójú kan
bí ìgbà tí iná lọ mọ́ ọkọ̀ lágbedeméjì òkè.
"Inú mi dùn láti rí ọ, Rosaura," ló wí fún mi,
bí ẹni ń ka iye owó iná.

Ìyá mi Edelmira ní, "Òtútù mà ń wọlé o."
Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń wọlé."
Fèrèsé wà ní ṣíṣí, òun ló jókòó tì í.
Òjò ń ya bí omi kànga, Belisario aládùúgbò yọjú:
"Ẹ ò rí bí oòrùn ṣe ń mú lónìí!"
Bàbá mi dìde, ó lọ wo ojú ọ̀run,
ó padà wá sọ fún un pé irọ́ ló pa.
Bàbá mi! Ẹni tí èrò máa ń torí àpárá rẹ̀
fi ọkọ̀ kan sílẹ̀, kí wọ́n lè dúró de tiẹ̀.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí,
bó bá dénú rẹ̀, á di odidi.
Nísinsìnyí ó ń dénú bàbá mi,
ó ń wà ní àbọ̀ níbẹ̀,
bí ẹja tó ń ṣẹ́kù sí apá òsì àwo rẹ̀
tó sì ń bèèrè pé ṣé ẹja ti tán ni.
Ìyá mi ń sunkún níbi ìdáná. "Ó ti kórìíra mi."

Maitén ló sọ fún wa pé kì í ṣe ìkórìíra.
Ọmọdébìnrin ni, bàtà aláwọ̀ ewé, ó máa ń pẹ́ dé.
Ó lẹ téèpù pupa mọ́ etí òsì àwo:
"Don Eleuterio, ẹ má dúró títí ojú yín á fi kan pupa."
Ó tẹ́ àwòrán ojú ènìyàn sórí tábìlì.
Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n bàbá mi
rí irùngbọ̀n, ó rí eyín, kò rí ìbínú.
"Iwájú orí ńkọ́?" "Ó hunjọ."
"Ẹnu ńkọ́?" "Ó pa á pọ̀."
"Ta lẹ mọ̀ tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"
Ó pẹ́.
"Edelmira, tí mo bá pẹ́ dé."
Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Wọ́n jọ sọ gbólóhùn kan pọ̀, Maitén wá dákẹ́ kó dá a sọ.
O ti dé, fún ọmọ tó ti ìrìn àjò bọ̀.
O ti dé, fún ẹni tó jẹ ọ́ lówó.
O ti dé? Lẹ́nu ọ̀nà, lóru.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ti onígbèsè gòkè díẹ̀.
A pàtẹ́wọ́. Ó bèèrè ohun tó dé tí a fi ń pàtẹ́wọ́.

Ìyá mi náà ń kọ́ láti sọ odidi:
"Pa fèrèsé dé. Inú ń bí mi. Àwàdà ni mo ṣe."
Ó korò lẹ́nu rẹ̀.
Lẹ́yìn ogójì ọdún tí wọ́n ti ń fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀,
ó wá dà bí kéèyàn máa kọ́ ọkọ ẹni ní a, b, d.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó gbàgbé. "Òtútù mà ń wọlé o."
Bàbá mi gbé orí sókè. Ó wo fèrèsé.
Ó yí ọrùn sí òsì, ó wá ojú ìyá mi títí ó fi rí i.
"Ṣé o fẹ́ kí n pa á dé ni?"
Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí òkun tí kò ní afẹ́fẹ́.
Omi bọ́ lójú ìyá mi.
"Ẹkún wo nìyẹn?" ó bèèrè, bí Maitén ṣe kọ́ ọ,
"ti ìdùnnú ni àbí ti ìbànújẹ́?"
Ìyá mi ní òun ò mọ̀.
Ó rò ó. Ó ní ìyẹn ò sí nínú àwòrán.
Ó dìde, ó pa fèrèsé,
abala ọ̀tún nìkan.
Èmi ni mo lọ pa ti òsì.